Ìdí Tí Mo Fi Ń Jowú Ilẹ̀ Sàfú

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní ka lẹ́tà yìí. Tíṣà ni mí, mo mọ ibi tí lẹ́tà lè dé àti ibi tí kò lè dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́dún yìí. Ọkọ mi ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní súkúù kò sì ní mọ ibi tí ó ti ń dùn mí. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Èyí àgbà ti ga jù mí lọ, ó sì ní iwájú orí yín. A ṣì wà ní Basin ní Ìlọrin, nínú ilé tí ẹ mọ̀ yẹn náà, òrùlé ṣì ń jò níbi tí ẹ máa ń tọ́ka sí. Ọlọ́hun ó kẹ́ yín. Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ mú bírò.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ ní ṣókí. Mò ń jowú Sàfú. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyàwó yín kékeré, tí mo pọ̀n dàgbà. Mò ń jowú rẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń jowú orogún. Mò ń jowú ilẹ̀ rẹ̀, mò ń jowú iṣu rẹ̀, mò ń jowú ekòló inú oko rẹ̀. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ó jókòó, ó ń jowú ekòló. Ẹ ò rí ayé mi bí?

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pín ilẹ̀ yẹn fún wa. Ọdún tó ṣáájú ikú yín ni. Àwa méjì péré ni Ọlọ́hun fún yín, ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá fìtínà sílẹ̀ láàárín wa. Ẹ kó wa lọ sí oko ojú ọ̀nà Màlété, ẹ ní kí n di orí okùn kan mú, kí Sàfú di ìkejì mú, ẹ wá gbin pèrègún tẹ̀lé okùn náà láti òkè títí dé etí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko. Ẹ ní apá òsì jẹ́ tèmi, apá ọ̀tún jẹ́ ti Sàfú. Òjò kan náà, oòrùn kan náà, erùpẹ̀ kan náà tí ọwọ́ yín ti tọ́jú fún ọgbọ̀n ọdún. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé ẹ rẹ́ mi jẹ. Ì bá ṣe pé ẹ rẹ́ mi jẹ ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

Ẹ rán mi ní súkúù títí mo fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Sàfú ka ìwé mẹ́fà, ó padà sẹ́yìn yín nínú oko. Iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, èmi ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ya gbòǹgbò sára pátákó. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ di tèmi, mo rò pé ó tó àkókò kí wọ́n rí bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń dáko.

Fatiláísà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn kò tíì wọ́n, mo sì mọ ẹni tó ń bá mi gbà á. Mo dáná sun gbogbo pòròpórò àgbàdo kí ilẹ̀ lè mọ́ tónítóní, mo da fatiláísà sí i, mo ní kí àwọn lébìrà fín oògùn koríko. Ọdún àkọ́kọ́, àgbàdo mi ga ju ti Sàfú lọ, ewé rẹ̀ dú bí aró. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wà, mo kàn fẹ́ dúró sídìí pèrègún kí n máa wo tèmi, kí n máa wo tiẹ̀. Òun ń ṣa ewé kiri bí ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Ó ń fi ewé bo orí ebè, ó ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, ó ń kó eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ sábẹ́ igi òrí. Tó bá kórè tán, á pe Dáúdà, ọ̀rẹ́ yín Fúlàní tó wà ní gáà, àgọ́ àwọn darandaran lẹ́yìn oko, kí màlúù rẹ̀ wá máa sùn sórí ilẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ìgbẹ́ wọn lè bọ́ ilẹ̀. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi nídìí oúnjẹ pé ọmọ náà ń ṣe mí láàánú. Irọ́ ni, Bàbá. Kò ṣe mí láàánú rárá, ó dùn mọ́ mi ni.

Ó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí n tó rí i pé nǹkan ń yí. Ilẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tí a bá ti ọkọ́ bọ̀ ọ́, á ró gbà. Tí òjò bá rọ̀, omi kì í wọlé, ṣe ló máa ń sáré gba orí ilẹ̀ lọ sínú odò, á sì gbé erùpẹ̀ mi dání. Koríko kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò yọ káàkiri ìdí àgbàdo, ó ń fa oje rẹ̀ mu lábẹ́ ilẹ̀, àgbàdo á kàn máa rù. Mo da fatiláísà sí i. Ọdún tó tẹ̀lé e, mo tún da púpọ̀ sí i. Ìgbà tó wá di pé fatiláísà wọ́n bí ojú, tí àwa tíṣà kò sì rí owó oṣù gbà déédéé, mo ní kí n gbìyànjú kí n dáko láìfi nǹkan kan sí i. Ọmọ àgbàdo tó jáde kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

Ẹ wá wo òdì kejì pèrègún. Kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí tèmi. Ilẹ̀ Sàfú dúdú, ó rọ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ yín á rì díẹ̀. Tí òjò bá dá, ẹ ó rí ìgbẹ́ ekòló wẹ́wẹ́ lórí ebè rẹ̀. Àparò ń ké níbẹ̀ láàárọ̀. Oyin wà lórí òdòdó ẹ̀wà rẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké ń ṣa kòkòrò jẹ lára ewé, kòkòrò tí èmi máa ń ra oògùn fín. Ọdún tí òjò dá dúró láàárín, tí àgbàdo mi ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹní, ti Sàfú ṣì tutù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí pé ewé tó fi bo ilẹ̀ kò jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gbẹ. Mo mọ ìdí rẹ̀, Bàbá. Ó wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ló tún ń bí mi nínú jù.

Lọ́jọ́ kan mo lọ ra nǹkan ní ọjà Ìpàtà. Ìyá kan tó ń ta iṣu pè mí, ó ní kí n má kọjá, pé iṣu Sàfú ojú ọ̀nà Màlété nìyí, pé kì í tètè jẹrà, pé bí wọ́n bá ṣe ń já a sílẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn pé wọ́n ń pe orúkọ ọmọ yín ní Ìpàtà. Mo ra mẹ́ta, mo gbé e délé, mo gún un. Ó dùn. Inú bí mi pé ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún bu òmíràn.

Àmọ́ iṣu kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ̀yin ni. Sàfú máa ń bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fún un, á gbé e súnmọ́ imú, á di ojú, bí ẹ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Á fi ewé nu ojú ọkọ́ kó tó kí ìrun Àsárì. Ó tiẹ̀ máa ń hú ikọ́ kékeré yẹn, ikọ́ tí ẹ máa ń hú tí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó wúwo. Nígbà mìíràn mo máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fọ́tò yín kan ṣoṣo ni mo ní, èyí tí ẹ dé fìlà tí kì í ṣe tiyín. Òun ń gbé yín kiri lára lójoojúmọ́. Kí ló dé tí ẹ kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, tí ẹ kò kọ́ mi ní nǹkan kan? Ṣé torí pé mo lọ súkúù ni? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ rán mi lọ. Ìbéèrè yìí ló sún mi dé ibi tí mo dé.

Lọ́dún tó kọjá, bí ọyẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, mo ṣáájú Sàfú dé gáà. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà yẹn, mo dúró de ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mo ṣáà lọ. Mo gbé iyọ̀, obì àti àpò ọkà bàbà kan fún Dáúdà, mo ní lọ́dún yìí, apá tèmi ni kí màlúù máa sùn. Dáúdà wò mí. Ó béèrè bóyá Sàfú gbọ́ sí i. Mo ní ọmọ bàbá kan náà ni wá. Ẹ wo irú èsì bẹ́ẹ̀. Ó gbà, torí pé ọmọ yín ni mí.

Ẹ̀yin àti Dáúdà ní bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, mo ti rí i láti òkèèrè. Màlúù á sùn síbì kan fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó tu èèkàn, ẹ ó sún wọn síwájú, òkè oko ni ẹ sì máa ń fi wọ́n mọ sí. Èmi kò ní sùúrù. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ mi dúdú lọ́dún kan ṣoṣo. Mo ní kí Dáúdà kan èèkàn sí etí odò, níbi tí ilẹ̀ mi ti burú jù, kí màlúù má bàa rìn jìnnà mu omi, kí ìgbẹ́ wọn sì lè ga. Ó bi mí pé ìgbà wo lòun máa sún wọn. Mo ní kó fi wọ́n síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bi mí. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn, mo ní ta ló ni oko. Oṣù méjì ni wọ́n fi wà lójú kan. Ìgbẹ́ náà mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mò ń yọ̀.

Sàfú wá kí wa lọ́jọ́ kan. Kò rí màlúù kankan gbà lọ́dún náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ bóyá mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sún sókè díẹ̀ kí òjò tó dé. Bàbá, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìlara ló ń bá a jà. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Orí mi wú pé ó wá kàn án láti jowú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dún yìí kò rọ̀ bí òjò àkọ́rọ̀. Ó rọ̀ láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ mi tó le kò sì gba omi kankan sára. Ó gbá gbogbo ìgbẹ́ náà lọ sínú odò. Nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé, omi náà ti dà bí ọbẹ̀ tó kan, ó ń hó, ó ń rùn. Ẹja kéékèèké léfòó, ikùn wọn funfun lókè. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó máa ń ké níbẹ̀ dákẹ́. Ẹ mọ abúlé tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pọn omi odò yẹn mu. Ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ wọn, méjì nínú wọn dèrò ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé kò sí èyí tó kú. Àwọn obìnrin wọn wá ń rìn jìnnà lọ pọn omi níbòmíràn, pẹ̀lú oyún, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ta ni gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù lágbègbè yẹn? Sàfú ni. Kò sẹ́ni tó ronú kan tíṣà tó ń ti Ìlọrin wá da fatiláísà. Baálẹ̀ abúlé náà ránṣẹ́ pè é, Sàfú sì ní kí n sin òun lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Mo jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ń sọ̀rọ̀ sí i, obìnrin kan ní èèyàn kì í dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Sàfú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó húkọ́, ó ní orí ilẹ̀ bàbá òun ni ìgbẹ́ náà ti wá, kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n dárí ji òun. Baálẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sí màlúù mọ́ nínú oko wa, kí Sàfú má sì gbé ìgbẹ́ kankan wọ ibẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ti ewúrẹ́. Mo ní ẹnu. Mi ò là á.

Ó ku èyí tó burú jù. Nígbà tí Baálẹ̀ dá ẹjọ́ yẹn, nǹkan kan dùn nínú mi. Kò pẹ́, ó kàn kọjá bí ìgbà tí èèyàn lá ṣúgà. Ó ń sọ pé ilẹ̀ tiẹ̀ náà á wá le, a ó wá dọ́gba. Bàbá, ọmọ yín ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Oko yẹn ni òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń jẹ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Èmi ní owó oṣù, bó pẹ́ bó yá. Òun kò ní ju ilẹ̀ dúdú yẹn lọ, èmi ni mo sì jókòó tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù méjì ni mo fi gbé e mì. Ohun tó jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde kì í ṣe ìwà rere mi. Ẹ̀kọ́ lórí ajílẹ̀ ló kàn ní kíláàsì. Mo ṣí ìwé, mo kọjú sí pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé kí á jẹ́ kí ìgbẹ́ ẹran jẹrà dáadáa, kí á tàn án káàkiri, kí á má ṣe kó o sí etí omi. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ ọlọ́mọ? Ọwọ́ mi dúró. Ohun tí ẹ̀yin fi ẹsẹ̀ rìn mọ̀, tí Sàfú mọ̀, ó wà nínú ìwé mi, mi ò kà á sí rí, mo kàn ń dà á kọ ni. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé orí ń fọ́ mi, mo jáde.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá Sàfú nílé. Ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó ti rù. Mo jókòó sórí àpótí, mo jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò dá ọ̀bẹ dúró. Ó ní òun mọ̀, pé Dáúdà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun kí òjò tó rọ̀. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ẹ̀bi náà bora. Ó ní Àǹtí mi, ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi, báwo lòun ṣe máa dójú tì yín lójú àwọn èèyàn. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Inú ló bí mi. Sùúrù yín ló tún ń lò mọ́ mi yẹn. Mo jágbe mọ́ ọn nínú ilé ara rẹ̀. Mo ní ó rọrùn fún un, òun tí Bàbá kọ́ ní gbogbo nǹkan, tí wọn kò kọ́ èmi.

Ìgbà yẹn ló gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo rántí ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi nílé wa ní Ìlọrin. Mi ò rántí. Ó wá rán mi létí. Ẹ̀yin àti òun ń ti oko bọ̀, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu tí ẹ mú wá fún mi, ìgbẹ́ màlúù sì wà lẹ́sẹ̀ yín. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó ní fàráńdà. Mo fi áńkáṣíìfù bo imú, mo ní kí ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mi ò tiẹ̀ sọ fún wọn pé bàbá mi ni yín. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Sàfú ló fa omi fún yín, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kí òun náà má fi ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ yọ Tíṣà, bí ẹ ṣe máa ń pè mí, lẹ́nu mọ́.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá, láti ìgbà yẹn, ẹ kò wá sọ́dọ̀ mi rí láìkọ́kọ́ wẹ̀. Àní nígbà tí mo kó dé Basin, ẹ máa ń wẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Òórùn ọṣẹ yín ni mo fi ń rántí yín. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé bàbá àgbà wọn fẹ́ràn ìmọ́tótó. Mi ò mọ̀ pé èmi ni ẹ ń torí rẹ̀ wẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, a jọ lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé èmi ni, pé Sàfú kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ kan dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ sí mi tí mi ò ní kọ síbí. Baálẹ̀ dá ọ̀ràn màlúù padà fún Sàfú, pẹ̀lú àdéhùn pé òkè oko ni wọn yóò máa sùn. Ní tèmi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ro etí odò mọ́, kí n jẹ́ kí koríko hù bò ó dáadáa kó lè máa gba ohun tí òjò bá ń gbé bọ̀ dúró. Mo gbà. Sàfú ní tí mo bá fẹ́, òun á wá fi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyókù hàn mí. Mo ní mo fẹ́. Odò náà ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ṣì ń jowú. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ilé Baálẹ̀, mo bi Sàfú bóyá ẹ sunkún lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Òun ló fa omi fún yín, òun ló rí ojú yín. Ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi gbé e lọ. Ó mọ̀, Bàbá. Ó mọ̀, kò sì ní sọ fún mi láé.

Ṣé ẹ sunkún?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, àti ẹsẹ̀ yín bó ṣe rí lọ́jọ́ náà.